Alárinà Tí Kì Í Gbé Ìyàwó: Iṣẹ́ Geoffrey Wilkinson àti Ibi Tó Kàn Wá

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì ilẹ̀ wa yìí kí fóònù alágbèéká tó dé, ẹ kò ní gbàgbé ìwé kan. Ó nípọn, ó wúwo bí ọmọ ọlọ, ẹ̀dà rẹ̀ kì í sì í pọ̀ ní láíbúrì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń rí i gbà. Advanced Inorganic Chemistry ni wọ́n kọ sára rẹ̀, 1962 ló sì kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. "Cotton and Wilkinson" là ń pè é. "Ta ló mú Cotton and Wilkinson?" "Ó wà lọ́wọ́ àwọn part three, ẹ padà wá lọ́la."

Ọ̀kan nínú yín tó ń ṣe olùkọ́ lápá Ọ̀mù-Àrán kọ̀wé sí mi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun béèrè pé ta tiẹ̀ ni Wilkinson yìí, ǹjẹ́ ó ṣe nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí pé ó kọ ìwé? Ẹ̀rín pa mí. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan bá béèrè pé ǹjẹ́ Àjàyí Crowther ṣe nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ìtumọ̀ Bíbélì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó dára ni, torí àwa olùkọ́ la kò sọ ìtàn ọkùnrin náà fún wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ sì ti wọ ilé wa láìkanlẹ̀kùn. Ó wọ inú rọ́bà tó bo wáyà iná, ó wọ inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà, ó sì kù díẹ̀ kó wọ inú oògùn ibà.

Ọjọ́ 14 oṣù Keje, 1921 ni wọ́n bí i, ní Springside, abúlé kan lẹ́bàá Todmorden ní Yorkshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ òwú ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀ nígbà náà. Bàbá rẹ̀ a máa kun ilé, ìyá rẹ̀ wá láti ìdílé ahunṣọ. Arákùnrin ìyá rẹ̀ kan fẹ́ ìyàwó láti ìdílé tó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan, tí wọ́n ti ń ṣe iyọ̀ Epsom àti iyọ̀ Glauber fún àwọn apoògùn. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ kẹ́mísírì ti kọ́kọ́ wọ ọmọ náà lára. Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ gírámà Todmorden, tíṣà físíìsì tó bá níbẹ̀ ló ti kọ́ John Cockcroft ṣáájú rẹ̀, Cockcroft tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Ìlú kékeré kan, tíṣà físíìsì kan, Nobel méjì! Nígbà tí àwọn tíṣà ní Ṣàrẹ́ bá ní ńṣe ni àwọn ń pọn omi sínú agbọ̀n, ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún wọn.

Ní 1939 ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Ní 1943 wọ́n kó o mọ́ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tí wọ́n rán lọ sí Kánádà láti ṣiṣẹ́ lórí agbára átọ́ọ̀mù, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1946. Láti ibẹ̀ ó lọ bá Glenn Seaborg ní Berkeley, ó ń ṣe ìwádìí lórí átọ́ọ̀mù tí ń tú ká. Ó mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà wá kí ilé, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ní Imperial, Briscoe, sọ fún un pé kò jọ pé yóò rí iṣẹ́ ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn, ó sì yí padà sí ohun tó ti fẹ́ràn láti ìbẹ̀rẹ̀: àwọn mẹ́táàlì bí irin, nickel, cobalt àti àwọn ẹbí wọn. Ó lo ọdún kan ní MIT, ó sì bọ́ sí Harvard ní oṣù Kẹsàn-án 1951.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní organometallic, torí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í mú. Káábọ́ọ̀nù ni òpó ohun gbogbo tó ní ẹ̀mí: ewé, epo, ẹran, ṣúgà. Mẹ́táàlì ní tirẹ̀ sábà máa ń di oxygen, chlorine tàbí nitrogen mú. Ìdípàtà tó gun irin, oxygen ni irin dì mú níbẹ̀. Bí mẹ́táàlì bá wá na ọwọ́ tààrà, tó di káábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ mú, organometallic nìyẹn. Kì í ṣe pé kí àwọn méjèèjì ṣáà jọ wà nínú ilé kan náà o. Ẹ̀jẹ̀ wa ní irin, ó ní káábọ́ọ̀nù rẹpẹtẹ, síbẹ̀ ọwọ́ nitrogen ni irin inú ẹ̀jẹ̀ dì mú, kò kúkú di káábọ́ọ̀nù mú. Ẹ lọ wo vitamin B12 tó wà nínú ẹ̀dọ̀ màlúù: cobalt ibẹ̀ di káábọ́ọ̀nù mú gírígírí. Dorothy Hodgkin ló fi iná X-ray tú àṣírí vitamin yẹn. Ghana níhìn-ín ló wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ nígbà tí ìròyìn Nobel rẹ̀ dé ní 1964. Mo fẹ́ràn láti máa rántí ìyẹn.

Kí 1951 tó parí, èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni pé mẹ́táàlì bí irin kì í bá káábọ́ọ̀nù gbé pẹ́. Wọ́n ní bí a bá so wọ́n pọ̀, wọn á tú ká, tàbí kí wọ́n gbiná bí afẹ́fẹ́ bá kàn wọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Kealy àti Pauson, ní Duquesne University ní Amẹ́ríkà, tẹ létà kékeré kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Ohun tí wọ́n ń wá ni àkópọ̀ kan tí à ń pè ní fulvalene, tí kò ní irin nínú rárá. Wọ́n mú òrùka káábọ́ọ̀nù márùn-ún tí wọ́n ti so mọ́ magnesium, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ iyọ̀ irin. (Magnesium yẹn, ẹbí rẹ̀ ló wà nínú òkúta rírọ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère Èsìẹ́. Ẹ má rò pé ohun àjèjì ni.) Fulvalene kò yọjú. Ohun tó jáde ni kírísítà pupa rúsúrúsú bí awọ ọsàn tó pọ́n. Wọ́n sè é, kò tú ká. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kò gbiná. Omi kò rí i gbé ṣe.

Irin kan ló wà nínú rẹ̀ àti òrùka méjì, òrùka kọ̀ọ̀kan ní káábọ́ọ̀nù márùn-ún. Bí Kealy àti Pauson ṣe yà á ni pé irin dúró láàárín, ó na ọwọ́ ọ̀tún mú káábọ́ọ̀nù kan lára òrùka ìkínní, ó na ọwọ́ òsì mú ẹyọ kan lára ìkejì, bí ọmọdé tó dirọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi méjì. Nígbà tí Wilkinson ka létà yìí ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní 1952, kò gbà. Ohun tó dirọ̀ báyẹn kò lè lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ó ní irin náà ní láti wà láàárín òrùka méjèèjì tí wọ́n dùbúlẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kí káábọ́ọ̀nù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọ dì í mú lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn òyìnbó ní sáńwíìṣì ni. Àwa tí a jẹ búrẹ́dì àti àkàrà ní gáréèjì mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: búrẹ́dì lókè, búrẹ́dì nísàlẹ̀, àkàrà láàárín. Bí ẹ bá fi ìka kan ṣoṣo mú àkàrà, yóò fọ́. Bí ẹ bá fi búrẹ́dì méjì há a, ẹ lè gbé e rìn dé Ìlọrin.

Ìṣirò rẹ̀ náà rọrùn. Irin ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́jọ tó lè fi ṣòwò. Òrùka kọ̀ọ̀kan mú márùn-ún wá. Mẹ́jọ, márùn-ún, márùn-ún: 18. Iye yẹn ló ń mú kí irú mẹ́táàlì bẹ́ẹ̀ kún, kó sì fara balẹ̀, bí ilé tí gbogbo yàrá rẹ̀ ti ní ayálégbé tí kò sì sí àyè fún oníjàgídíjàgan láti wọlé. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ kò fi rí i bá jà.

Robert Woodward, àgbà ọ̀jẹ̀ ní Harvard níbẹ̀, ti ń ronú ohun kan náà. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú Rosenblum àti Whiting jọ tẹ àbájáde wọn jáde ní 1952. Whiting ló sọ ọ́ lórúkọ, ferrocene. Ní Munich, ilẹ̀ Jámánì, Ernst Otto Fischer náà ti dé ibẹ̀ láti ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta kan, Miller, Tebboth àti Tremaine, tiẹ̀ ti ṣe nǹkan náà ṣáájú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tètè tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ láti ọdún mẹ́rin, ẹ gbọ́ o.

Woodward ṣíjú kúrò níbẹ̀, ó padà sídìí àwọn mọ́líkù ńláńlá tirẹ̀. Wilkinson ní tirẹ̀ béèrè ìbéèrè kan tó rọrùn: bí irin bá lè ṣe é, àwọn tó kù ńkọ́? Láàárín ọdún díẹ̀ òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti gbìyànjú ruthenium, cobalt, nickel, chromium, titanium, wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn lọ bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ àgbà. Ọ̀kan lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ni Albert Cotton, Cotton ti orí ìwé wa yẹn. Pẹ̀lú gbogbo èyí, Harvard kò fún un ní àyè títí láé. Ní 1955 Imperial pè é wá di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1956. Ibẹ̀ ló kù sí.

Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé ní 1973, òun àti Fischer ni wọ́n fún. Inú Woodward kò dùn, ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé ipa tí òun kó ńkọ́? Òun tó ti gba tirẹ̀ láti 1965 o! Èmi kò bá a wí jù. Ẹni tó bá bá wọn yọ ejò lójú ihò á fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ròyìn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí alárinà, torí apá kejì iṣẹ́ Wilkinson nìyẹn, òun ló sì mówó wọlé fún ayé.

Láyé àtijọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kì í ṣàdéédéé lọ kan ilẹ̀kùn baba ọmọbìnrin. Alárinà ló ń lọ, ló ń bọ̀. Ó mọ ilé méjèèjì, ó mọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀, tọkọtaya di tọkọtaya, alárinà a gbọn aṣọ rẹ̀ nù, ó di ilé mìíràn. Kò gbé ìyàwó. Catalyst nìyẹn. Ó ń mú kí ohun méjì tó yẹ kí wọ́n dàpọ̀ tètè dàpọ̀, òun fúnra rẹ̀ a sì jáde bó ṣe wọlé, ó tún lè ṣe ti ẹlòmíràn. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: alárinà kò lè so ẹni tí kò yẹ kó fẹ́ ara wọn. Bí àkópọ̀ kan kò bá ṣeé ṣe rárá lábẹ́ ìṣẹ̀dá, catalyst kò lè mú un ṣeé ṣe. Ọ̀nà ló ń là, kì í dá ìlú sílẹ̀. Ẹ bá mi sọ èyí fún àwọn tó ń ta "ìyẹ̀fun" tí wọ́n ní yóò sọ omi di pẹtiróòlù.

Ẹ wo òrí tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní agbègbè Ṣàrẹ́. Ọ̀rá méjì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìlàjì-ìlàjì ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ọ̀kan nà tọ́ọ́rọ́, mọ́líkù rẹ̀ ń tò jọ bí igi ìdáná, ìdí nìyẹn tí òrí fi ń dì. Èkejì tẹ̀ kọ̀rọ̀ láàárín, níbi tí káábọ́ọ̀nù méjì ti fi ọwọ́ méjì-méjì di ara wọn mú, kò ṣeé tò, ìdí nìyẹn tí òrí kì í fi í le bí òkúta. Bí a bá fi hydrogen sí ojú kọ̀rọ̀ yẹn, yóò nà. Epo tó ń ṣàn yóò dì. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ń fi epo ẹ̀wà soya àti irú rẹ̀ ṣe bọ́tà àtọwọ́dá nìyẹn. Ìyẹ̀fun nickel ni alárinà wọn. Sabatier, ará Faransé, gba Nobel lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1912, Normann ará Jámánì sì ti gba ẹ̀tọ́ lórí ti epo láti 1902. Ṣùgbọ́n nickel fẹ́ iná tó gbóná gan-an, orí ara rẹ̀ lókè nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Átọ́ọ̀mù tó wà nínú kókó rẹ̀ jókòó lásán ni.

Ní nǹkan bí 1965, Wilkinson àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, Osborn, Jardine àti Young, rí alárinà tó ń yọ́ sínú omi iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Rhodium ni mẹ́táàlì náà. Kírísítà rẹ̀ pupa bí ọtí wáìnì. Chlorine kan ló rọ̀ mọ́ ọn, àti ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta tí à ń pè ní phosphine, àwọn abara gbọ̀ọ̀rọ̀ tí igbọ̀nwọ́ wọn gba gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ kan yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àyè ṣí. Hydrogen wọlé, rhodium pín in sí méjì. Mọ́líkù tó ní kọ̀rọ̀ wọlé tẹ̀ lé e. Hydrogen kọjá sára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ̀rọ̀ nà, ó jáde lọ, àyè tún ṣí. Kò gba iná ńlá, kò gba agbára ìtẹ̀ ńlá. Ooru yàrá lásán àti afẹ́fẹ́ hydrogen bí afẹ́fẹ́ tó yí wa ká ti tó. Nítorí igbọ̀nwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn, kì í gba gbogbo àlejò: èyí tó tín-ín-rín wọlé, èyí tó sanra dúró síta. Bí mọ́líkù kan bá ní kọ̀rọ̀ méjì, ó lè na ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Nickel kò mọ irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má bi mí bóyá wọ́n fi ń ṣe bọ́tà àtọwọ́dá o. Rárá. Rhodium wọ́n ju wúrà lọ lọ́pọ̀ ìgbà, yíyọ rẹ̀ kúrò nínú epo sì ṣòro. Ibi tí mọ́líkù ti ṣọ̀wọ́n, tí àṣìṣe sì léwu, ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. William Knowles ní ilé iṣẹ́ Monsanto ronú pé, bí ẹ̀ṣọ́ bá lè mọ tẹ́ẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí sísanra, kí ló dé tí kò fi lè mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì? Torí àwọn mọ́líkù kan dà bí bàtà: ọ̀tún àti òsì jọra, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ó pààrọ̀ àwọn phosphine sí èyí tó ní apá kan ṣoṣo, ó sì fi ń ṣe L-DOPA, oògùn àìsàn Parkinson tó ń mú ọwọ́ àgbà gbọ̀n. Òun náà gba Nobel ní 2001.

Rọ́bà wáyà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Otto Roelen ní Jámánì ti rí i ní 1938 pé cobalt lè so carbon monoxide àti hydrogen mọ́ àwọn gáàsì tó ń ti ibi epo rọ̀bì wá. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ agbára ìtẹ̀ tó tó igba ìlọ́po ti afẹ́fẹ́ wa yìí, táǹkì onírin tó nípọn, àti owó. Rhodium Wilkinson ṣe é ní ìwọ̀n tí kò tó ogún ìlọ́po. Ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 1976. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe òróró tí wọ́n ń pò mọ́ PVC kó lè rọ̀. Láìsí òróró bẹ́ẹ̀, wáyà ilé yín ì bá máa ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. (Ike pọn-ún-pọn-ún tí ẹ fi ń pọn omi àti ọ̀rá pure water, iṣẹ́ alárinà mìíràn ni, ti Ziegler àti Natta láti 1953 àti 1954. Irú àwọn ike bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Eleme lẹ́bàá Port Harcourt. Ó yẹ kí n fi ọjọ́ kan sọ ti wọn.)

Ferrocene fúnra rẹ̀ ńkọ́, búrẹ́dì àti àkàrà wa? Fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ́n ní ohun ẹlẹ́wà tí kò níṣẹ́ ni. Ní 1984 àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan rí i pé ó máa ń jọ̀wọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sílẹ̀, tó sì tún ń gbà á padà, láìbínú. Wọ́n fi ṣe òjíṣẹ́ láàárín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti wáyà kékeré. Ní 1987 ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà tó ń lo ọgbọ́n yìí ti dé ọjà, tóbi rẹ̀ bíi kálàmù ìkọ̀wé. Ìyá tó ń gún ara rẹ̀ ní ìka láàárọ̀ ní Ṣàrẹ́ láti wo ṣúgà rẹ̀, ọmọ-ọmọ iṣẹ́ yẹn ló ń lò.

Ibà ló wá kàn wá jù. Gbogbo wa la mọ chloroquine, ó ń yún ni lára bí èèsì. Nígbà tó yá kòkòrò ibà ti mọ ọ̀nà rẹ̀, Nàìjíríà sì kúrò lórí rẹ̀ ní 2005, ó bọ́ sí oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kòkòrò náà ń jẹ ẹ̀jẹ̀ pupa wa, ó ń jẹ ohun tó wù ú, irin tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ náà a sì di májèlé fún un. Ó ní ọgbọ́n tó fi ń sọ ọ́ di kírísítà kó má bàa pa á. Chloroquine ń dí ọgbọ́n yẹn lọ́wọ́. Kòkòrò tó gbójú ti wá ṣe ilẹ̀kùn kan tó fi ń gbá chloroquine síta. Ní Lille, ilẹ̀ Faransé, Christophe Biot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ferrocene há inú chloroquine, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1997. Ferroquine ni wọ́n pè é. Ferrocene fẹ́ràn ọ̀rá, ó sì yí ìrísí oògùn náà padà, ilẹ̀kùn yẹn kò mọ bí yóò ṣe gbá a síta mọ́. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn ní Áfíríkà, Gabon wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ó ṣiṣẹ́ dé àyè kan, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ èyí kò tí ì dé ilé oògùn kankan. Mo ń sọ ọ́ torí àwọn tó máa ń parí irú ìtàn yìí síbi tó dùn.

Ní ilé ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ mi mọ ìdáhùn náà. Ọ̀pọ̀ organometallic ò lè fojú kan afẹ́fẹ́. Páìpù gíláàsì méjì ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ jáde, ìkejì ń fi nitrogen rọ́pò rẹ̀, kí omi kankan má sì sí nínú ohunkóhun. Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ dúró. Mo ti rí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tó di ẹrẹ̀ dúdú torí pé iná ọba lọ lóru, kò sì sí dísù nínú jẹnẹrétọ̀. Wilkinson ní tirẹ̀ ń rí mẹ́táàlì olówó iyebíye yá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Johnson Matthey, yóò lò ó, yóò dá a padà. Ta ni yóò yá wa ní rhodium?

Nítorí náà, àwọn onímọ̀ wa gba ọ̀nà tó ṣeé gbà, mi ò sì gbà pé ọ̀nà ẹ̀bùrú ni. Ní Yunifásítì Ìlọrin, Joshua Obaleye àti Adedibu Tella pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn so mẹ́táàlì bíi bàbà, zinc àti cobalt mọ́ àwọn oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ti sulphadimidine jáde ní 2010. Nitrogen àti oxygen ni mẹ́táàlì ń dì mú nínú irú èyí, kì í ṣe káábọ́ọ̀nù, torí náà kì í ṣe organometallic gidi, ṣùgbọ́n ó lè fojú kan afẹ́fẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é kí iná tó lọ. Ní Ifẹ̀, Eriola Betiku àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà di eérú, wọ́n fi eérú náà ṣe alárinà láti sọ epo di dísù. Ohun tó wà nínú eérú yẹn, potassium, òun náà ni àwọn ìyá wa ti ń fi eérú wá fún ọṣẹ dúdú. James Darkwa, ọmọ Ghana, ṣe organometallic gidi, palladium tí àwọn òrùka onínitrogen rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n gúúsù Áfíríkà ló ti ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni páìpù méjèèjì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ará Kenya bíi Stephen Ojwach lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Fún olùkọ́ tó kọ̀wé sí mi: ferrocene kò nílò páìpù méjì. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ni nitrogen díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dà á pọ̀. Ẹ fi ooru tú dicyclopentadiene ká, kí ẹ lo èyí tó bá jáde lọ́jọ́ náà gan-an, torí bó bá sùn mọ́jú yóò tún padà so pọ̀. Ẹ ṣe é níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, òórùn rẹ̀ kò dára, ó sì ń gbiná. KOH tí ẹ ti lọ̀ kúnná, iyọ̀ irin kejì, DMSO, kí ẹ máa rò ó. Ẹ dà á sínú omi yìnyín tí ẹ ti fi ásíìdì sí. Ohun pupa rúsúrúsú tó bá dì nísàlẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́. Ẹ wá fi sínú abọ́ gíláàsì, ẹ fi gíláàsì tútù bò ó, ẹ fi iná díẹ̀díẹ̀ sí i nísàlẹ̀: yóò fò di ooru láìyọ́, yóò sì tún dì mọ́ gíláàsì òkè bí abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó bó ṣe ń dì. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wọn ooru tó fi ń yọ́. Bó bá mọ́, 173 ni wọn yóò rí, tàbí ohun tó súnmọ́ ọn. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 170 lọ, ẹ tún un mú fò.